Ìbejì tí oṣù wọn kò pé wà nínú couveuse (àpótí tó ń mú ọmọ móoru) ní Àjàṣẹ́: kí ni òbí lè ṣe?

Bàbá Ìbejì, Kétu:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbejì dé sí wa lọ́wọ́ nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 30. Táyéwò wọn gíráàmù 1,310, Kẹ́yìndé 980. Láti Kétu la ti gbé wọn wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kẹ́yìndé wà lórí ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i nímú, àwọn dókítà sì ní kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà ni Táyéwò fi ń jẹun. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyá wọn, kò tíì lè rìn dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́: yàtọ̀ sí ká máa gbàdúrà níta, kí ló kù tí àwa òbí lè ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun, Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ewu ọmọ, Bàbá Ìbejì. Ẹ bá wa kí Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín.

Ẹ má jókòó síta mọ́. Iṣẹ́ púpọ̀ wà tó jẹ́ pé òbí nìkan ló lè ṣe é, èyí tí kò sì lè dúró dọ̀la nínú rẹ̀ ni ọmú. Kí ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fún ọmú jáde láàárín wákàtí 6 tó bímọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ló wà. Bí wákàtí 6 bá ti kọjá, kó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni lójúmọ́, tọ̀sán-tòru, kó má sì sùn di ilẹ̀ mọ́ láìfún un: òru ni ohun tó ń pe ọmú wá máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ìyá tó bá fi òru sílẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmú rẹ̀ kì í sábà tó ọmọ méjì jẹ lọ́sẹ̀ kẹta.

Bí wọ́n ṣe ń fún un rèé. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ọmú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì rọra wọ́ ọ láti àyà wá síwájú. Kó gbé àtàńpàkò sókè ọmú, ìka méjì sísàlẹ̀, ní nǹkan bí ìbú ìka méjì sẹ́yìn orí ọmú. Kó ti ìka sẹ́yìn síhà àyà, kó pa wọ́n pọ̀, kó tú wọn sílẹ̀, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kó má fa orí ọmú rárá. Egbò nìyẹn ń dá síbẹ̀, ọmú kì í sì í tìtorí rẹ̀ jáde. Bí ìṣàn bá dín, kó yí ìka sí apá mìíràn. Ọmú méjèèjì á gbà á ní ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, ìwọ̀nba ẹ̀kán díẹ̀ ló máa jáde, tó ki tó sì pọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ń dà á nù torí wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó ń gbógun ti àrùn pọ̀ nínú rẹ̀ ju èyí tó máa wá lẹ́yìn lọ. Síríǹjì 1 ml ni kẹ́ ẹ fi fà á tààrà láti orí ọmú. Bí dókítà bá gbà, wọ́n lè fi 0.1 ml kan Kẹ́yìndé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, 0.1 ml ní ti òsì, ní wákàtí 3 sí 4 síra wọn, kódà bí kò bá tíì máa jẹun rárá.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọmú: ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì gbó. Àìsàn kan wà tó ń mú un, tí dókítà yín á máa pè ní entérocolite. Apá kan ìfun á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó sì lè lu. Wàrà agolo ń dá kún un, ọmú ìyá ló ń dáàbò bo ìfun náà jù lọ.

Ti ìpamọ́: ẹ se ife tó ní ìdérí nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tó fún ọmú sí i. Níta, kó má ju wákàtí 4 lọ, nígbà ooru kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú fíríìjì, wákàtí 48. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn pátápátá, ẹ má gbé e sí ara ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ń gbóná ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lára. Inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la ti ń mú un kúrò ní tútù, ẹ má gbé e ka iná.

Bàbá Ìbejì, Kétu:

Ẹ ṣé gan-an, a ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní 2 ml péré ni Kẹ́yìndé ń gbà ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣé ebi ò ní pa ọmọ yẹn?

Olùtọ́jú Oúnjẹ Ọmọ, Àjàṣẹ́:

Ebi ò pa á, Bàbá Ìbejì. Omi, ṣúgà àti iyọ̀ tó nílò ń gba iṣan rẹ̀ wọlé láti inú perfusion, omi tí wọ́n gbé kọ́ yẹn. 2 ml yẹn, ìfun la fi ń jí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 2 ml lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, 16 ml nìyẹn. Ọmọ kílò kan máa ń jẹ tó 150 sí 180 ml lójúmọ́ bí oúnjẹ rẹ̀ bá ti pé. Bí a bá mú 160, Kẹ́yìndé yóò máa jẹ nǹkan bí 157 ml, ìyẹn 13 ml ní wákàtí méjì-méjì. Táyéwò yóò máa jẹ 210 ml, ìyẹn 17 sí 18 ml ní wákàtí méjì-méjì. Wọ́n máa ń fi 20 sí 30 ml kún un lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan kan ò bá dá a dúró, ọjọ́ 5 sí 7 ló gbà láti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kí ìyá má dáwọ́ fífún ọmú dúró o. Ẹ kó o sí fíríìjì, èyí tó bá sì pọ̀ jù kẹ́ ẹ fún Táyéwò.

Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n ara wọn dẹ́rù bà yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Omi tó wà lára wọn ló ń jáde. Ó lè gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, nítorí náà bí Kẹ́yìndé bá dé 880, kì í ṣe pé ẹnì kan ń fi ebi pa á. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tó fi wáyé. Lẹ́yìn ìyẹn, 15 sí 20 gíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan la fẹ́. Orí òṣùwọ̀n kan náà ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, ní aago kan náà, láìsí ìlédìí.

Ní ti rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní sonde: àmì kan wà lára rẹ̀ níbi tó ti wọ imú tàbí ẹnu, wọ́n sì fi pílásítà dè é. Ẹ mọ àmì yẹn lójú. Bó bá ti yọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da ọmú sí i títí nọ́ọ̀sì yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹnu rọ́bà náà lè má sí nínú ikùn mọ́. Nígbà tí wọ́n bá kọ́ ìyá láti máa fún wọn lóúnjẹ, kó yọ ọ̀pá inú síríǹjì, kó da ọmú sínú rẹ̀, kó gbé e sókè díẹ̀ ju ọmọ lọ, kó jẹ́ kó máa sàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kó má fi ọ̀pá tì í. Ọmú tó bá yára já sí ikùn kékeré yẹn á padà sókè sí ọ̀fun, ọmọ á sì gbàgbé èémí.

Ohun mẹ́ta tó yẹ kẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀: kí ikùn wú kó sì le, kí èébì tàbí ohun tó ń padà nínú rọ́bà ní àwọ̀ ewé, kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ Ìwòsàn, Ṣábẹ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó wà nímú Kẹ́yìndé, torí ojú òbí wúlò níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 kò ní tó nínú ohun ọ̀rá kan tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Bó bá mí síta tán, àwọn àpò náà á fẹ́ pa dé. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń tì ni kì í jẹ́ kí wọ́n pa dé tán.

Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń hó nínú omi ni (òun ló wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa), ẹ máa rí ìgò kan tí omi wà nínú rẹ̀, tí rọ́bà kan wọ inú omi náà tó 5 tàbí 6 sẹ̀ǹtímítà. Jíjìn rọ́bà yẹn nínú omi ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì. Omi náà gbọ́dọ̀ máa hó láìdúró. Bó bá dáwọ́ híhó dúró, afẹ́fẹ́ ń sá lọ níbì kan: bóyá ẹnu rọ́bà ti yọ nímú, bóyá ọmọ la ẹnu sílẹ̀, bóyá ibi tí rọ́bà méjì ti so pọ̀ ti tú, bóyá omi ti kó jọ sínú rọ́bà gígùn tó wọ́ sílẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ rí gan-an. Bí omi inú ìgò bá ń pọ̀ sí i, ẹ sọ ìyẹn náà, torí agbára rẹ̀ ti kọjá èyí tí dókítà ní kí wọ́n lò.

Ẹ máa wo imú rẹ̀. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́bà àti ògiri tó pín imú sí méjì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó funfun, ó ti ń fún un nìyẹn, ó sì lè di egbò láàárín ọjọ́ kan.

Ní ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: fún ọmọ tó ń gba ọ́síjìn, 90 sí 95 la fẹ́. Inú àwọn òbí máa ń dùn bí wọ́n bá rí 100. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ni ọmọ ń mí, 100 dára. Ṣùgbọ́n bó bá wà lórí ọ́síjìn tí nọ́ńbà ń dúró sí 98, 99, 100, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọ́n lè dín in kù, torí àpọ̀jù rẹ̀ ń ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ké, ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ. Ahọ́n àti èrìgì ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ojú, torí lára ọmọ dúdú ibẹ̀ ni àwọ̀ aró ti tètè ń hàn. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n dáadáa tó ń ju ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Dídá èémí dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 kó tún máa mí lọ, wọ́n sábà máa ń ṣe é. Bó bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 20, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ rọra fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ẹ má mì í jìgìjìgì láéláé. Oògùn kaféènì tẹ́ ẹ máa rí nínú ordonnance (ìwé oògùn tí dókítà kọ), èyí ló wà fún: ó ń rán ọpọlọ létí láti mí.

Dókítà Ọmọdé, Kútọnu:

Mo kí gbogbo ilé. Nípa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Kẹ́yìndé. Ó yẹ kí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Èsì rẹ̀ máa ń gbà tó wákàtí 48 sí 72. Wọn kì í dúró dè é kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 7 sí 10. Bí kòkòrò bá ti dé omi inú ọpa ẹ̀yìn, 14 sí 21. Fún ìdí èyí, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gba omi ẹ̀yìn, ẹ má kọ̀. Iye ọjọ́ ìtọ́jú wà lọ́wọ́ èsì yẹn.

Abẹ́rẹ́ tó bá pẹ́ wákàtí 6 torí pé oògùn tán máa ń fún kòkòrò láyè láti tún gbérí. Ẹ máa béèrè ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan: oògùn wo ló máa tán lónìí? Ẹ rà á kó tó tán, ní fàmásì, kì í ṣe lórí àtẹ. Mílígíráàmù sí kílò ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn ọmọ yìí, nítorí náà ordonnance Táyéwò kì í ṣe ti Kẹ́yìndé, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ oògùn kan náà ló wà lára méjèèjì. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní carnet (ìwé ìlera) tirẹ̀, àpò tirẹ̀, kẹ́ ẹ fi òwú pupa sí ọ̀kan, òwú dúdú sí èkejì. Kí wọ́n tó fún ọmọ ní nǹkan, kẹ́ ẹ jọ ka ohun tó wà lára ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ẹ̀gàn sí nọ́ọ̀sì. Àwọn gan-an fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ lè dín lára wọn, torí gbogbo àyẹ̀wò ń mú díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i, nǹkan bí 15 ml sí kílò kan ni, ìyẹn bíi 15 ml fún Kẹ́yìndé. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin méjì-mẹ́ta nínú ẹbí lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ọ̀ràn òru. Kò sì sí ìdánilójú pé ẹ̀jẹ̀ ìbejì méjì jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n yẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń rí àyípadà kí ẹ̀rọ tó rí i. "Kò rí bó ṣe máa ń rí" tó ọ̀rọ̀ tí ẹ lè bá dókítà sọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ohun kan pàtó tì í lẹ́yìn: ọwọ́ rẹ̀ rọ, ó tutù lẹ́sẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ bíi ti àná, ìlédìí rẹ̀ ò tutù láti ìdájí. Ẹ lè wọn ìlédìí gbígbẹ kẹ́ ẹ sì wọn títutù: gíráàmù 1 tó lé jẹ́ 1 ml ìtọ̀.

Ìyá Àgbà, Kétu:

Ẹ̀jìrẹ́ ò ní padà lẹ́yìn yín láṣẹ Èdùmàrè. Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wa sọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀. A kì í sọmọ lórúkọ láìfi oyin àti omi kàn án lẹ́nu. Àgbo díẹ̀ náà á lé ibà pọ́njú lọ, kí wọ́n sì fi àdín pa wọ́n lára kí òtútù má baà mú wọn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun, Àjàṣẹ́:

Àṣẹ, Ìyá wa. Ẹ kú àdúrótì àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ìsọmọlórúkọ wáyé ní Kétu lọ́jọ́ kẹjọ, kẹ́ ẹ pe orúkọ wọn, kẹ́ ẹ sì fi oyin àti omi kan bàbá wọn lẹ́nu lórúkọ wọn. Ẹnu àwọn ọmọ ni kí nǹkan kan má kàn yàtọ̀ sí ọmú àti oògùn. Oyin lè ní irúgbìn kòkòrò kan nínú tí ìfun ọmọ kò lè ṣẹ́gun, tó sì ń rọ gbogbo iṣan ara. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá a. Omi lásán ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín kù. Àgbo, kíndìnrín wọn kò lè fọ̀ ọ́ jáde.

Ibà pọ́njú, iná aláwọ̀ búlúù ló ń wò ó: ìlédìí nìkan lára ọmọ, a bo ojú rẹ̀, a ń yí i padà, a ò sì gbé e kúrò lábẹ́ rẹ̀ pẹ́ títí. Oòrùn ojú fèrèsé kò tó, ó sì lè jó awọ ara rẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: bọ́ọ̀lù kámfọ̀ funfun tí à ń sọ sáàárín aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ lágbègbè wa ní irú ẹ̀jẹ̀ kan tí òórùn kámfọ̀ yẹn ń fọ́. Ibà pọ́njú á sì ga lójijì títí dé ọpọlọ. Ẹ fọ gbogbo aṣọ tó ti wà nínú àpótí pẹ̀lú kámfọ̀, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Àdín, ẹ fi sílẹ̀ ná níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà lórí ọ́síjìn, ọ̀rá àti ọ́síjìn ò bára wọn gbé nítorí iná.

Iṣẹ́ yín wà, Ìyá wa, kò sì kéré. Ẹ̀wà tí à ń sè fún ìbejì, kí ìyá wọn jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹja, ẹ̀fọ́, ẹyin àti omi púpọ̀. Àyà yín náà wúlò, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi á ṣàlàyé.

Olùkọ́ni Kangourou, Àjàṣẹ́:

Kétu, Ṣábẹ, Àjàṣẹ́, gbogbo wa mọ ọ̀já. Àyà la máa de ọmọ sí dípò ẹ̀yìn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kangourou. Dókítà Edgar Rey ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní Bogotá ní Kòlóńbíà ní 1978, torí couveuse ò tó. Ìwádìí tó jáde ní 2021, tí wọ́n ṣe ní Gánà, Nàìjíríà, Màláwì, Tànsáníà àti Íńdíà, fi hàn pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kété lẹ́yìn ìbí, láìdúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀, ikú dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn ọmọ kílò 1 sí bíi 1.8 ni wọ́n lò. Táyéwò wà níbẹ̀ gan-an. Ọdún 2022 ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí ó máa jẹ́ wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ á wẹ̀, á wọ aṣọ tó ṣí níwájú, kò ní fi lọ́fíńdà tàbí ìpara olóòórùn sára. Á bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aago ọwọ́, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá fún ìṣẹ́jú kan. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ nù ún, tàbí kẹ́ ẹ fi í síta. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí nìkan ni ọmọ á wọ̀. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán sáàárín ọmú, àyà rẹ̀ mọ́ àyà yín, kí orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Àgbọ̀n tó bá tẹ̀ mọ́ àyà á di ọ̀nà èémí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Etí òkè ọ̀já á dé abẹ́ etí ọmọ. Ibi tó bá yẹ kó fún ni àyà, ẹ fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa fẹ̀ bó ṣe ń mí. Ẹ fara ti ìrọ̀rí, ẹ má dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó kéré tán wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, torí gbígbé e wọlé gbé e jáde gan-an ń rẹ̀ ẹ́.

Ìbejì ńkọ́? Ìyá lè gbé àwọn méjèèjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kí ojú wọn kọjú síra, pẹ̀lú ọ̀já tó gbòòrò. Ṣùgbọ́n ìyá tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ti tó. Kí bàbá gbé èkejì. Àyà ọkùnrin ń mú ọmọ gbóná dáadáa. Ìyá àgbà lè gbà á nígbà tí ìyá bá ń fún ọmú tàbí tó ń sùn. Kẹ́yìndé tó wà lórí ẹ̀rọ náà lè bọ́ sí àyà, bí dókítà bá gbà, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló ń gbé e: ọ̀kan á di rọ́bà mú, ọ̀kan á gbé ọmọ. Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, ẹ fi ọwọ́ mímọ́ kan bo orí rẹ̀, kí ìkejì bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró bẹ́ẹ̀ láìfi ọwọ́ pa á lára. Fífi ọwọ́ pa wọ́n lára ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Abẹ́ abíyá la ti ń wọn ìgbóná ara: 36.5 sí 37.5. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi fìlà méjì sí i, ẹ pa fáànù.

Arábìnrin Ìlera, Ṣábẹ:

Fún àwọn ará Ṣábẹ tó ń ka èyí: bóyá Parakou la ó gbé ọmọ lọ tàbí gúúsù, àyà ènìyàn ni kí ọmọ wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe inú páálí pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná. Ìgò yẹn ń jó awọ, ó sì ń tutù lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, kí wọ́n pe ibi tẹ́ ẹ ń lọ, kí ìyá sì tẹ̀ lé wọn bí ara rẹ̀ bá gbà á. Zem (ọ̀kadà) kò ṣeé gbé e lé.

Aboyún ìbejì tí omi rẹ̀ bá já tàbí tí inú rẹ̀ bá ń fún kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 34, kó béèrè abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó. 6 mg dexamethasone lẹ́ẹ̀mẹrin, wákàtí 12 síra wọn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ṣábẹ níbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, bí dókítà bá gbà.

Bàbá Ìbejì, Kétu:

Dókítà ní alẹ́ àná le fún Kẹ́yìndé. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ní òun ò lè wọlé lọ wò ó.

Dókítà Ọmọdé, Kútọnu:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ má ní kó dákẹ́ nítorí ọmú. Ẹ lọ bá dókítà ní ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó, ẹ béèrè: kí lẹ̀ ń bẹ̀rù jù lónìí? Kí lẹ máa wò láàárín wákàtí 12 sí i? Bó bá le sí i, ṣé ẹ máa pè wá, lóru pàápàá? Kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù yín méjì sí iwájú carnet. Bí ìyá bá fẹ́ fọwọ́ kàn án tàbí kó gbé e, kó sọ ọ́ jáde. Bí kò bá fẹ́ lónìí, ẹ̀yin ẹ wọlé, ẹ fi ohùn yín pe orúkọ rẹ̀. Ó ti mọ ohùn yín láti inú oyún. Táyéwò náà ṣì nílò àyà, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù Kẹ́yìndé gba gbogbo ọwọ́ yín.

Bàbá Ìbejì, Kétu:

Ara Kẹ́yìndé ti ń balẹ̀ díẹ̀, omi inú ìgò sì ń hó. Ọlọ́run ṣeun. Wọ́n ní bí Táyéwò bá ń báa lọ báyìí, ó lè ṣíwájú èkejì rẹ̀ jáde. Ṣé ká gbé e lọ sí Kétu?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun, Àjàṣẹ́:

A dúpẹ́ o. Ẹ má tíì gbé e lọ sí Kétu. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá wà ní Àjàṣẹ́, ẹ sọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ títí Kẹ́yìndé yóò fi jáde. Ìyá tó bá ń rìn láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́, ọmú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sanwó ìrìn náà. Kí Táyéwò tó jáde, ó gbọ́dọ̀ ti máa sanra fún ọjọ́ 3 léra wọn ó kéré tán, kó máa jẹun láìsí sonde, kó máa móoru lórí àyà, kó má sì dá èémí dúró mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá kaféènì dúró. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, tí a bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ni mímu, gbígbé mì àti mímí tó ń bára wọn ṣe, nítorí náà ẹ má fi dandan gbé e sẹ́nu ọmú kó tó dìgbà yẹn fún oúnjẹ. Kó máa lá a lásán, ó dára. Ife kékeré ni kẹ́ ẹ fi fún un ní ìyókù: ẹ jẹ́ kí ọmú kan ètè rẹ̀, kó fi ahọ́n fà á fúnra rẹ̀, ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

Nílé, ọ̀já ń bá a lọ títí yóò fi máa tiraka láti bọ́ kúrò nínú rẹ̀, nǹkan bí kílò 2.5. Ẹ jí i jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni kó máa fi sùn bí kò bá sí lórí àyà. Ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀ bí ara rẹ̀ bá wà lábẹ́ 36.5 tí àyà ò sì mú un gbóná, tàbí tó kọjá 37.5, bó bá kọ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, bí èémí rẹ̀ bá ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá pọ́n bí òroǹbó, bí ìdodo rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó ń rùn, bí gìrì bá mú un. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, ẹ wo èkejì náà dáadáa lọ́jọ́ kan náà.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ oògùn irin fún wọn, 2 sí 4 mg sí kílò kan lójúmọ́ títí wọn yóò fi pé oṣù 6. Kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ tuntun bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tóbi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ ìbí gan-an la fi ń kà á, ẹ má yọ ọ̀sẹ̀ 10 tó kù kúrò. Jíjókòó, rírìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn lẹ ó yọ ọ̀sẹ̀ 10 kúrò kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wé ọmọ mìíràn.

Kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn láti àwùjẹ, kí wọ́n sì dán etí wọn wò. Ti ojú ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá: ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn ìbí, fún àwọn méjèèjì, ìbáà jẹ́ pé Táyéwò ti jáde nígbà yẹn. Ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn àti àìpé-oṣù ń ṣe lẹ́yìn ẹyinjú kì í hàn síta. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè dá a dúró. Bó bá pẹ́, kò ṣeé tún ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí iwájú carnet méjèèjì lónìí, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà yín oníṣègùn ojú tó máa ń wo ọmọ tuntun, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ Kútọnu lẹ máa gbé wọn lọ, nítorí náà ẹ gba àyè sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú.